Àmì Kan Lórí ‘Ya’

Kí Fẹ́hìntọlá tó dé ìdí táǹkì omi Àdúgbò Kẹta, ẹ̀rọ afọgiri ti dúró síwájú ògiri, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi ọṣẹ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Àṣẹ ló ń retí. Inú àtàǹpàkò Fẹ́hìntọlá sì ni àṣẹ náà wà.

“Màmá, ẹ káàárọ̀,” ni Ọ̀gá Kúyẹ̀ wí láti abẹ́ páànù oòrùn tó fi ṣe ibòji. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, òun sì ni ọ̀gá gbogbo olùfọwọ́sí Ilé Ìtura, títí kan Fẹ́hìntọlá tó tó bí i. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó dé àtàrí. Wọ́n ń retí ẹ̀rọ yìí ní Àdúgbò Karùn-ún.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?”

“Ẹnì kan ya ẹja sára ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.”

Fẹ́hìntọlá yíjú sí ògiri náà, ó sì fún ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀gbà náà. Olùfọwọ́sí ni; ẹ̀gbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ pupa.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí òkun ti gbé ìlú Ẹ̀bá-Òsà mì, tí àwọn tó kù fi ẹsẹ̀ rìn wá sórí òkè, tí wọ́n sì tẹ Òkè-Ìsádi dó. Ẹ̀bá-Òsà náà ló wà lára ògiri yìí. Èédú, ẹfun àti osùn ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀, òpópónà lẹ́yìn òpópónà, láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja títí dé ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Àwọn tó ya àwòrán náà ní òfin tiwọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ilé ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ló ń wá fúnra rẹ̀ wá ya ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ síbi tó wà gan-an. Bí ẹni tó ni ín kò bá tíì wá, wọ́n á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Ibẹ̀ ni Ìyá Tánímọ̀la ti rí i pé ọgbà kan náà ni ilé wọn àti ilé Adéṣewà jọ ní. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan náà láìkí ara wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n mọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri, wọ́n ń dárúkọ àwọn òkú ilé wọn fún ara wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti jọ ń se ọbẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ afọgiri wá fi ọṣẹ fọ̀.

Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá, ẹ̀gbà rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre. Ẹ̀gbà tútù yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Lórí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, Awọ̀nkàn, ẹ̀rọ tó ń wọn ọkàn gbogbo ará ìlú láti ara ẹ̀gbà wọn, la ohùn rẹ̀:

“Ibídùnní Ayọ̀rìndé, ìyá Abọ́ṣẹ̀dé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ara rẹ̀ yá. Ó sì ya. Òfin Kẹrin: ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kò gbọdọ̀ ya mọ́. Ìjìyà: ogójì ọjọ́ ní Ilé Ìdákẹ́. Kí olùfọwọ́sí tẹ̀ ẹ́.”

“Mo gbọ́ ẹ,” ni Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹfà lo ti sọ ọ́ láti àárọ̀. Ọ̀fun kì í gbẹ ọ́?”

Àwọn èèyàn tó pé jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbé e mì. Ní Òkè-Ìsádi, oògùn ni àwòrán, a kì í sì í fún ẹni tí ara rẹ̀ yá ní oògùn. Bí ìbànújẹ́ bá mú ọ, tí ẹ̀gbà rẹ pupa, wọ́n á gbé ọ wọ Ilé Ìtura, wọ́n á wọn èédú tó tó èékánná ọmọńdinrín fún ọ, wàá sì ya fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí o bá ya àwòrán tán, ẹnu Awọ̀nkàn ni bébà náà ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbà rẹ bá padà di àwọ̀ ewé, èédú parí. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ gba èédú lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ pupa, nítorí a kì í gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pupa? Ẹni tó bá pupa kò níṣẹ́, kò lóhùn nínú ìpàdé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn sì ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ìbínú pàápàá, pupa ni Awọ̀nkàn kà á sí. Nítorí náà àwọn ará Òkè-Ìsádi kì í bínú. Bí àwọn ọmọ wọn bá ń fi igi fa nǹkan sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n kọ́ wọn láti fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí wọ́n tó wọlé jẹun. Odidi oṣù mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fi jókòó lórí bóyá àwòrán ni irun dídì tàbí kì í ṣe àwòrán. Èèyàn tó gbọ́n ni wọ́n pe ara wọn.

“Fẹ́hìn,” ni Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé pè é. “Ọmọ Àbẹ̀jẹ́. Sún mọ́ mi.”

Fẹ́hìntọlá kúnlẹ̀ kí i. Ìyá àgbà náà nawọ́ sí ara ògiri, sí àárín ilé alágbẹ̀dẹ àti ilé àwọn tó ń hun ẹní. Àyè funfun kan wà níbẹ̀.

“Ilé yín nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó ni ín ń bọ̀. N kò mọ̀ pé àtàǹpàkò ni wàá gbé wá.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fẹ́hìntọlá lára. Ó mọ ìdí tí òun kò fi wá. Ìyá rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́, ti lo oṣù mẹ́rin ní Ilé Ìtura nígbà ayé rẹ̀. Ó máa ń ya ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo níbẹ̀, òpó méjì, pẹ̀lú ìkòkò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbà rẹ̀ tutù, wọ́n gba èédú, wọ́n dá a padà sílé. Ní ọjọ́ kan tó ń jẹun, ó ti ìka bọ epo, ó sì ya ẹnu ọ̀nà náà sí etí abọ́ tánganran. Fẹ́hìntọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùfọwọ́sí nígbà náà ni. Ó wo ojú fèrèsé bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ó gbé abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní, “O ṣeun.” Kò ti ìka bọ epo mọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ pẹ̀lú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, àwọ̀ ewé sì ni ẹ̀gbà rẹ̀ wà títí wọ́n fi bọ́ ọ lọ́wọ́ òkú.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Fẹ́hìntọlá wí. “Òfin ni. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Òfin.” Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. “Ó dáa. Mo fẹ́ rí i.”

Ọ̀gá Kúyẹ̀ gbójú sókè. “Màmá àgbà, Awọ̀nkàn ti kà á fún yín.”

“Etí mi ti gbọ́. Ojú mi ń kọ́? Ogójì ọjọ́ lẹ fẹ́ tì mí mọ́lé, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tó tì mí.”

Kò sẹ́ni tó béèrè irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ló ń sọ òfin ní Òkè-Ìsádi, etí ló ń gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀gá Kúyẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ra wàláà onígíláàsì rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì nà án sí Fẹ́hìntọlá. “Ẹ kà á fún wọn, kí ó parí.”

Fẹ́hìntọlá gbà á. Lẹ́tà níhòòhò ló wà níbẹ̀, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀:

*Ile kere, ero po. Eni ti ara re ba ti ya ko gbodo ya mo.*

Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní: *Eni to te e: F. Akingbade.* Orúkọ tirẹ̀ ni.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wá ń gbọ́ òjò. Ó ń gbọ́ òjò lórí tapólì ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí Ilé Ìtura ṣì jẹ́ àgọ́ kan ṣoṣo, tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń bá wọn tẹ̀wé lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Bàbá Lúwájọ, olórí àgọ́ náà, ń yan àgbàdo, inú sì ń bí i. Ó ní àwọn tí ara wọn ti le ṣì ń yà lójoojúmọ́ láti wá sùn lórí ẹní, àwọn aláìsàn kò sì rí àyè. Ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀, Fẹ́hìn. Ilé kéré, èrò pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kò gbọdọ̀ yà mọ́.”

Yà. Kò gbọdọ̀ yà síbẹ̀ mọ́. Kí ó máa lọ sílé rẹ̀.

Bàbá Lúwájọ tún ti bi í pé, “Ìwọ ò fi àmì sí i?” Òun sì ti dáhùn pé, “Bàbá, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ṣé Yorùbá kọ́ ni?”

Ta ni nínú wa tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí? Ta ni kò tẹ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i rí, kí ó ní ẹni tó máa kà á gbọ́ èdè? Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á kò gbọ́ èdè. Ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn ni wọ́n gbé Awọ̀nkàn dé, tí wọ́n kó gbogbo ìwé àgọ́ sí i nínú. Ó bá ‘ya’ méjì pàdé nínú gbólóhùn kan, ó wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú Ilé, ó rí i pé wọ́n ń ya àwòrán, ó sì yan èyí tó wù ú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fọ ògiri. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba èédú lọ́wọ́ àwọn ìyá.

“Kí ló wà níbẹ̀?” ni Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé béèrè.

“Àṣìṣe,” ni Fẹ́hìntọlá wí. “Àṣìṣe ni, Màmá. Èmi ni mo ṣe é.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ sétí wọn. Ọ̀gá Kúyẹ̀ ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Màmá, ẹ gbọ́ mi. Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Tí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ ṣì í tẹ̀, gbogbo ìdájọ́ ọdún mẹ́tàlélógún á wá sórí yín. Gbogbo ẹni tó lọ Ilé Ìdákẹ́. Ọdún kan péré ló kù tí ẹ fi máa fẹ̀yìn tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí a fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Ta ló ń ka ìwé?”

“Ṣé ìyá tìrẹ wà láyé?”

“Wọ́n wà.”

“Wọ́n ya nǹkan rí?”

Ó wo ilẹ̀.

Fẹ́hìntọlá tẹ ibi tí wọ́n kọ ‘atunse’ sí lára wàláà. Ẹni tó tẹ òfin lágbára láti tún un tẹ̀. Òfin pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa ‘ya’ kejì rẹ́, ó sì wá àmì. Kò sí. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ wàláà náà, lẹ́tà wà, nọ́ńbà wà, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìlà kékeré kan tí wọ́n fi ń mọ ‘yà’ yàtọ̀ sí ‘ya’ kò sí níbẹ̀. Ó lọ sídìí òpó, ó gbé ẹnu sókè sí Awọ̀nkàn.

“Yà,” ni ó wí. “Yà ni, kì í ṣe ya.”

“A ti gbọ́,” ni Awọ̀nkàn fèsì. “A ti kọ ọ́ sílẹ̀: y, a. Kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí àtúnṣe. Kí olùfọwọ́sí tẹ̀ ẹ́.”

Inú bí Fẹ́hìntọlá. Ìbínú tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ abọ́ tánganran yẹn ló gòkè wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì wá ibi tí yóò fi pamọ́ sí mọ́. Ó yíjú sí àwọn èèyàn.

“Ẹ gbọ́ bí?” ni ó wí. “Ohun tó ń jọba lórí wa kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Mo fọ abọ́ ìyá mi! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fọ ẹnu ọ̀nà ilé wa kúrò lára abọ́ tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́, nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ìyá mi kú sínú ìdákẹ́, ẹ̀rọ yìí ní ara wọn yá. Ìyá Tánímọ̀la, ọkọ yín ń kọ́? Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ọ̀bẹ tó fi ń fín igbá,” ni Ìyá Tánímọ̀la wí. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ fi sọnù.”

“Ìwọ, Adéṣewà?”

“Ọmọ mi ni. Ó kéré. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ya nǹkan sí. Mo nà án, Àǹtí Fẹ́hìn. Mo na ọmọ mi nítorí iyẹ̀pẹ̀.”

Ẹ̀gbà Adéṣewà ló kọ́kọ́ yí padà. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà ó pupa yòò. Ti Fẹ́hìntọlá fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wò ó. Kò fún un mọ́ra mọ́. Ti Ìyá Tánímọ̀la pupa, ti ọkùnrin tó ń tún páànù ṣe pupa lórí àkàbà tó wà, ti àwọn tó ń pọn omi pupa pẹ̀lú korobá lórí wọn. Olúkúlùkù ń pe orúkọ ẹni tirẹ̀, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé nìkan ló jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbà tútù. Ó wo ẹ̀gbà náà, ó ṣe pòṣé, ó ní, “Èmi náà ti bínú tipẹ́, mo kàn ti mọ́ ọn lára ni.” Kò sì pẹ́ tí tirẹ̀ náà fi yí.

Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. “Aláìsàn mẹ́tàdínláàádọ́ta,” ni Awọ̀nkàn wí. “Aláìsàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kí wọ́n gbé wọn wọ Ilé Ìtura.” Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélógún péré ló wà ní Ilé Ìtura, gbogbo wọn ló sì ní ẹni tó wà lórí wọn. Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń wá nǹkan nínú ara rẹ̀, krìí, krìí, bí eku inú àjà. Lẹ́yìn náà ló ka ìlà tí kò kà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé:

“Ilé kéré. Èrò pọ̀.”

Gbogbo wọn gbójú sókè sí òpó.

“Ilé kéré, èrò pọ̀,” ni ó tún wí. “Kí àwọn aláìsàn gba oògùn níbi tí wọ́n wà. A kì í gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.”

Ẹ̀rọ afọgiri ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Omi ọṣẹ dá.

Ọ̀gá Kúyẹ̀ wo ẹ̀gbà tirẹ̀, tó ti ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì rọra fi ọwọ́ kejì bò ó. “Màmá,” ni ó wí, “mo ní láti kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Ẹ mọ̀ pé mo ní láti kọ ọ́.”

“Kọ ọ́,” ni Fẹ́hìntọlá wí. “Mo gbà. Orúkọ mi ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fi àmì sí i.”

Ìyá Abọ́ṣẹ̀dé ti na èédú sí i. Èyí kì í ṣe èékánná ọmọńdinrín. Odidi ni, ó tó ìka àárín. Fẹ́hìntọlá gbà á, ó lọ dúró níwájú àyè funfun tó wà láàárín ilé alágbẹ̀dẹ àti ilé àwọn ahunní. Ó fa òpó kan. Ó fa ìkejì, ó wọ́ díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ya ìkòkò omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó ti rí i lára abọ́. Ó sunkún bí ó ti ń ya àwòrán náà, kò nu ojú.

Nígbà tó parí, ó tún na ọwọ́ sókè, ó fa ìlà kékeré kan sórí atẹ́rígbà, ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún.

Ọmọ Adéṣewà ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igi kékeré kan lọ́wọ́. Ó béèrè pé, “Màmá, kí nìyẹn?”

“Dò ni, àmì tí n kò fi sórí ‘yà’,” ni Fẹ́hìntọlá dá a lóhùn. Ó yíjú sí gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbà pupa lọ́wọ́. “Ilé wa nìyí. Ẹ yà.”